Ẹ Jẹ́ Ká Dáàbò Bo Ilé Agogo Wa Lọ́wọ́ Àrá Kí Òjò Àkọ́rọ̀ Tó Dé

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé, ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Lọ́ńdọ̀n àti ní Houston, a kí yín o.

Ẹ ti gbọ́ pé àrá sán lu ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè nígbà òjò tó kọjá. Ògiri là láti òkè dé ojú fèrèsé, okùn agogo jó dé ìdajì, áńpílífáyà àti gbogbo fáànù sì bàjẹ́. Ẹgbẹ́ akọrin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀ ni. A dúpẹ́ pé kò mú ẹ̀mí lọ. Ìpàdé gbogbogbòò ti fẹnu kò pé ká ra ọ̀pá tí ń gba àrá, èyí tí àwọn oníná ń pè ní arẹ́sítọ̀, ká fi sórí ilé agogo náà, ká sì ṣe ti mọ́ṣáláṣí ńlá àti ti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

Àìsí owó nìkan kọ́ ló ń fa iṣẹ́ yìí sẹ́yìn. Àwọn àgbà kan nínú ìjọ ní kò yẹ ká máa fi irin ṣọ́ ilé Ọlọ́run: ṣé Ẹni tó ni àrá ò lè pa ilé Rẹ̀ mọ́ ni? Àwọn mìíràn ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àrá kì í ṣàdédé jà, pé ó ní ohun tí ìjọ náà ṣe. Ọ̀rọ̀ kejì yìí dùn wá gan-an. Irú rẹ̀ ló ń ba ẹbí ẹni tí àrá pa lórúkọ jẹ́ nígbà tí omijé ò tíì gbẹ lójú wọn.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ láyé. Nígbà tí ọ̀pá tí Benjamin Franklin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká ní Amẹ́ríkà, Thomas Prince, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ní Boston, kọ ọ́ ní 1755 pé ó lè jẹ́ àwọn ọ̀pá náà ló ń fa ìmìtìtì ilẹ̀. Ní Yúróòpù nígbà náà, agogo ni wọ́n máa ń lù láti fi lé ìjì. Ìwé kan tó jáde ní Munich ní 1784 ka iye tó ṣẹlẹ̀: láàárín ọdún 33, àrá sán lu ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì 386, ó sì pa 103 nínú àwọn tó ń lu agogo. Ta ló máa sọ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni gbogbo wọn? Ẹnu iṣẹ́ Olúwa ni wọ́n wà. Ilé agogo San Marco ní Venice náà jìyà àrá léraléra kí wọ́n tó fi ọ̀pá sí i ní 1776.

Ọ̀pá náà kì í lé àrá. Ibi tó ga ni àrá sábà máa ń bá, bó bá sì gba inú igi, bíríkì tàbí okùn tútù kọjá, á fọ́ ọ, á sì jó o. Bàbà tó nípọn ni yóò gbà á lórí ilé, tí yóò gba ẹ̀gbẹ́ ògiri níta sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́nà méjì, títí dé àwọn ọ̀pá tí a rì mọ́lẹ̀, iná àrá náà á sì tú ká sínú ilẹ̀. Ilẹ̀ òkè wa máa ń gbẹ, nítorí náà wọ́n á fi èédú àti iyọ̀ dí kòtò yí àwọn ọ̀pá náà ká. A ó fi páìpù bo bàbà níbi tí ọwọ́ lè tó, nítorí àwọn olè.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa nínú ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Diutarónómì orí 22 ẹsẹ 8. Ọlọ́run pàṣẹ pé ẹni tó bá kọ́lé kó ṣe ààbò yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá jábọ́ má baà wà lórí ilé náà. Kò ní kó kàn máa gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má jábọ́.

₦25,000 ni ti ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nílé, £40 ni ti Lọ́ńdọ̀n, $50 ni ti Houston. A ò bu owó lé opó àti akẹ́kọ̀ọ́. Ohunkóhun tí wọ́n bá mú wá, a ó gbà á tayọ̀tayọ̀. Ẹ san án fún akápò ẹ̀ka yín, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ iná dójú àmì, tó lè bá wa máa yẹ ọ̀pá náà wò lọ́dọọdún, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí owó pé kí oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó parí, ká lè ṣe iṣẹ́ náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Akọ̀wé àgbà, fún ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́