Ìpààrọ̀ Mùdùnmúdùn Nìkan Kò Tó

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo ka ìròyìn yín lórí ìpààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun fún àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èrò mi sì ni pé kí ìjọba má ṣe náwó sórí ìpààrọ̀ náà láìpèsè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè tètè tú àṣírí ewu tó ń tẹ̀lé e.

Sẹ́ẹ̀lì ẹni tó fi mùdùnmúdùn tọrẹ lè gbógun ti ara tó gbà á, kí ó sì ba awọ, ẹ̀dọ̀ àti ìfun jẹ́. Kí ara tó sú, kí ìgbẹ́ gbuuru tó bẹ̀rẹ̀, àmì rẹ̀ lè ti wà nínú ẹ̀jẹ̀. Inú ìfun ni purotéènì tí wọ́n ń pè ní REG3α ti ń wá; bí ìfun bá ti ń bó, yóò máa jò sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti ń wọn òun àti purotéènì mìíràn tí wọ́n ń pè ní ST2 nínú ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ 7 lẹ́yìn ìpààrọ̀, kí wọ́n lè mọ aláìsàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ́ le.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Okun gan-an. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti ṣe irú ìpààrọ̀ yìí ní ìlú Benin, Ìpínlẹ̀ Edo, ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú aláìsàn tó ti padà sí Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Ìsánlú lóru, àgbo ni ẹbí yóò kọ́kọ́ gbé fún un. Ẹ bá wa bẹ ìjọba Kogí kí wọ́n ṣètò ibi tí a ti lè gba ẹ̀jẹ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní Kàbbà, kí ó sì tètè dé ilé àyẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ náà.

Nọ́ọ̀sì kan,
Kàbbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.