Wọn Ò Jẹ́ Kí Pólàndì Dí Ògiri Rẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí bí Pólàndì ṣe pòórá lórí àwòrán ayé ní 1795, nígbà tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ pín ilẹ̀ rẹ̀ tán. Ẹni tó kọ ọ́ ní ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe ara wọn, ó sì fi òwe ògiri tó lanu tí aláǹgbá fi ráyè wọlé gbè é lẹ́sẹ̀. Òótọ́ ni pé ògiri lanu. Ohun tó dùn mí ni pé kò sọ fún wa pé àwọn aláǹgbá yìí kan náà ló ń lé bíríkìlà kúrò nídìí ògiri.

Nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, Sejm, bí ẹnì kan ṣoṣo bá dìde pé òun ò gbà, ìpàdé tú nìyẹn. Àní òfin tí wọ́n ti fẹnu kò lé lórí tẹ́lẹ̀ di òfo. Láyé ọba Augustus Kẹta, tó lo bí ọgbọ̀n ọdún lórí oyè, ìpàdé ẹyọ kan péré, ti 1736, ló kẹ́sẹ járí. Rọ́ṣíà àti Prussia, ìjọba Jámánì kan tó bá Pólàndì pààlà, mọ̀ pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ aṣòfin kan rọrùn ju ogun lọ. Láti 1720 ni àwọn méjèèjì ti jọ mulẹ̀ pé ètò yìí kò gbọdọ̀ yí padà. Ní 1768, Catherine Kejì, ọbabìnrin Rọ́ṣíà, mú kí Pólàndì fúnra rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé pé Rọ́ṣíà ni onígbọ̀wọ́ ètò náà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, àwọn aládùúgbò gé lára ilẹ̀ Pólàndì nígbà àkọ́kọ́.

Bí wọ́n ṣe gba ìbuwọ́lùwé yẹn ló burú jù. Ní 1767, Repnin, ikọ̀ Rọ́ṣíà ní Warsaw, ní kí sójà kó bíṣọ́ọ̀bù méjì àti ìjòyè ogun Wacław Rzewuski pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, Seweryn, lọ sí Kaluga ní Rọ́ṣíà, nítorí pé wọ́n ta kò ó. Láàárín olú-ìlú Pólàndì ni o, ọba wọn sì wà níbẹ̀!

Seweryn yìí ni mi ò lè gbàgbé. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ nítàn, ìbéèrè lórí rẹ̀ ni wọ́n máa ń bi mí jù. Nígbà tí òfin tuntun ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 1791 fòpin sí "mi ò gbà" ẹnì kan, tó sì sọ oyè ọba di ti ìdílé, ọkùnrin tó ti ṣe ìgbèkùn Rọ́ṣíà yìí wà lára àwọn ọ̀tọ̀kùlú tó ṣáájú ẹgbẹ́ Targowica, tó bẹ Catherine pé kó wá gbà àwọn lọ́wọ́ òfin náà. Ó fẹ́ràn àǹfààní àwọn ọ̀tọ̀kùlú ẹgbẹ́ rẹ̀ ju ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ. Mi ò rí àlàyé mìíràn fún un títí dòní.

Oṣù Karùn-ún 1792 ni ọmọ ogun Rọ́ṣíà wọlé, ọdún kan gééré lẹ́yìn òfin náà. Prussia, tó ti bá Pólàndì mulẹ̀ ní 1790, yẹ àdéhùn, ó sì gba ìpín tirẹ̀ nínú ilẹ̀ Pólàndì ní 1793. Bó bá ṣe pé orílẹ̀-èdè náà ń sùn ni, kí ni Catherine ń kánjú sí?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 1791 kún ọ̀rọ̀ yín. Kò sí nínú àpilẹ̀kọ náà rárá, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ Pólàndì ṣì ń gba ìsinmi fún un lọ́dọọdún.

Òǹkàwé yín,
Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn.