Ẹ fi èdè tí àwọn àgbà gbọ́ yẹ iyè wọn wò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà tí iyè wọn ń ra ni mo bá wá, àti bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò ní ọsibítù wa l'Ékòó. Ẹ̀bẹ̀ mi ò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó jẹ́ pé Yorùbá ló fi ṣayé, kí wọ́n fi Yorùbá bi í léèrè.

Ìyá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Aṣọ ni wọ́n tà ní Balógun kí ẹsẹ̀ tó ní kí wọ́n wá jókòó tì mí ní Ṣómólú. Mi ò ní purọ́, nǹkan ti ń yí padà. Wọ́n á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ tán, wọ́n á tún bu òmíràn sí i. Wọ́n á ní ṣé àbúrò àwọn ti ti Ìsàlẹ̀ Èkó dé, àbúrò tí a ti sin tipẹ́. Mo tètè gbé wọn lọ sí ọsibítù, torí mo mọ ohun tí ojú àwọn ìyá arúgbó ń rí ládùúgbò bí àwọn èèyàn bá ti ń pe àìsàn ní àjẹ́.

Dókítà tó rí wa níwà, ó sì ní sùúrù, àmọ́ kò gbọ́ Yorùbá. Ìwé òyìnbó iwájú rẹ̀ ló ń kà. Ó ní kí màmá pe lẹ́tà "WORLD" láti ẹ̀yìn wá síwájú, ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì rí. Ó ní kí wọ́n tún "No ifs, ands or buts" sọ. Èmi tí mo ń ṣe ògbufọ̀, kí ni kí n pe ìyẹn? Ó ní kí wọ́n yọ 7 kúrò nínú 100, kí wọ́n máa yọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn ń wò ó. Ó wá béèrè pé ìgbà wo nínú ọdún la wà. Wọ́n ní, "Ìgbà àgbàdo tuntun ni." Òjò ń rọ̀ lóde lọ́wọ́lọ́wọ́, àgbàdo sísè kún gbogbo etí títì, òótọ́ pọ́nńbélé ni wọ́n sọ. Mo rí i tó kọ òdo síbẹ̀.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa padà, mo bi wọ́n pé bí oníbàárà bá ra yáàdì mẹ́ta, tí yáàdì kan jẹ́ ₦4,500, tó wá kó ₦20,000 kalẹ̀, ṣéńjì rẹ̀ ńkọ́? Kíá ni wọ́n dáhùn: "Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Kí ló dé tí kò ná an?"

Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ṣàlàyé pé Mini-Mental ni wọ́n ń pe ìdánwò náà, pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 1975, pé 30 ni máàkì rẹ̀, àti pé ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé ẹni tí kò kàwé kì í gba máàkì gidi níbẹ̀, bí orí rẹ̀ tilẹ̀ pé.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé wọn ò níláti wá ọ̀nà mìíràn lọ sókè òkun. Lọ́dún 1992 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì lára wọn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ará Yunifásítì Indiana, ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí láàárín àwọn àgbà Ìdíkàn n'Íbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Ìdánwò tí wọ́n lò, CSI-D, àwọn Cree, ọmọ onílẹ̀ Kánádà, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Wọ́n sì tún un ṣe lédè Yorùbá. Kì í ṣe àgbà nìkan ni wọ́n ń bi níbẹ̀, wọ́n á tún bi ẹbí tó ń bá a gbé. Iṣẹ́ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè sọ lọ́dún 2001 pé àwọn àgbà Ìbàdàn tí Alzheimer, àìsàn tó ń ba iyè jẹ́, ń mú lọ́dọọdún kò tó ìdajì ti Indianapolis. Bó bá jẹ́ "WORLD" ni wọ́n ní kí ará Ìdíkàn pe lẹ́tà rẹ̀, ta ni ìbá gba àbájáde yẹn gbọ́?

Mi ò sọ pé ara màmá dá. Máàkì ọjọ́ yẹn ni wọ́n á fi mọ̀ bóyá àìsàn ọ̀hún ń le sí i. Bí ti àkọ́kọ́ bá ti wọ́, kí la ó fi wọn ti ọdún tó ń bọ̀? Àwọn ìgbàgbé kan sì wà tó ṣeé wò sàn, èyí tí oògùn mìíràn fà, tàbí àìtó fítámì B12, tàbí ìbànújẹ́ ọkàn. Àgbà tí wọ́n bá ti ka iyè rẹ̀ sí èyí tó ti lọ tán, ta ló tún máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò?

Mo ń bẹ iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn ọsibítù olùkọ́ni pé kí wọ́n tẹ ìbéèrè Yorùbá jáde, kí wọ́n gbé e sórí tábìlì dókítà, kí wọ́n sì yan nọ́ọ̀sì tó gbọ́ èdè tì í. Bí wọ́n bá ń wá gbólóhùn tí màmá máa tún sọ, "Mo ra dòdò ní Ìddó, mo jẹ dòdò ní Ìddó" wà ńlẹ̀.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, bí wọ́n bá ti ń fi Yorùbá ṣe é níbi iṣẹ́ yín, lérékùṣù ni o, ní Ìkẹjà ni o, ẹ kọ̀wé sí Olóòtú, ká lè mọ ibi tí a ó gbé àwọn òbí wa lọ.

Èmi ni,
Ọmọ Ìyá Aláṣọ,
Ṣómólú, Èkó.