Ẹni tó padà sẹ́yìn lórí Kilimanjaro kì í ṣe ojo

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, ó ti ń dùn mí ọjọ́ ti pẹ́.

Àwa márùn-ún tá a jọ ṣe ọ̀rẹ́ láti iléèwé la lọ gun òkè Kilimanjaro ní Tàǹsáníà. Àtìgbà tá a ti gbé fọ́tò sórí Facebook làwọn èèyàn ti ń fi ẹnì kan nínú wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó sá, ṣebí òun ló máa ń lọ jíìmù. Kí ni jíìmù fẹ́ bá atẹ́gùn ṣe? Mítà 5,895 ni ṣóńṣó òkè yẹn, Uhuru ni wọ́n ń pè é, ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìlàjì ti ìsàlẹ̀ lọ. Èmi alára ò dé Uhuru, Gilman's Point tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ lagbára mi mọ, ṣùgbọ́n torí pé pátákó orúkọ ibẹ̀ wà nínú fọ́tò tèmi, kò sẹ́ni tó bú mi.

Aago méjìlá òru la gbéra ní Kibo Hut, ibùdó tá a sùn sí kẹ́yìn ká tó gun ṣóńṣó. Òtútù yẹn, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ n sọ, omi inú ike mi di yìnyín. Eruku àtòkúta wẹẹrẹ nilẹ̀ ibẹ̀, o gbẹ́sẹ̀ méjì ó fà ẹ́ padà lẹ́yọ kan, gìgísẹ̀ bàtà ẹni tó wà níwájú ẹ nìkan lò ń rí nínú iná tọ́ọ̀ṣì, gáìdì wa sì ń sọ ṣáá pé "pole pole". Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìyẹn lédè Swahili, ẹ tún wá wò ó o, "pole" ni wọ́n fi ń bá èèyàn kẹ́dùn bá a ṣe ń sọ pé pẹ̀lẹ́ nílé wa!

Ọ̀rẹ́ wa yìí, mo kọ́kọ́ rí i tó ń fi ìbọ̀wọ́ ọ̀tún sọ́wọ́ òsì. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ahọ́n ẹ̀ wúwo, ó ní ká jẹ́ kóun sùn díẹ̀ lórí òkúta. Gáìdì ní kó rìn tààrà, kò lè rìn ín, ló bá ní ó parí, kí ìgbákejì òun mú un sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́, ó bínú, ó sunkún, gáìdì ò tiẹ̀ dá a lóhùn. Àìsàn òkè gíga ni, àìtó ọ́síjìn ló ń fà á. Tí wọ́n bá jẹ́ kó máa lọ, òkú ẹ̀ la ò bá gbé wálé.

Ẹ̀bi gbogbo wa ni. Ọjọ́ márùn-ún la sanwó ẹ̀. Wọ́n sọ fún wa pé téèyàn bá fi ọjọ́ kan kún un, á dúró ní Horombo, ibùdó tó wà nísàlẹ̀ Kibo, ní mítà 3,720, á gùn díẹ̀ lọ sí Zebra Rocks, á padà wá sùn nísàlẹ̀ kára lè mọ́ra. Àwa ní owó ni wọ́n ń wá, torí owó páàkì àti tàwọn alábàárù á lé sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ san ti ọjọ́ kẹfà yẹn.

Nígbà tá a máa fi padà dé Horombo lọ́sàn-án, ó ti ń mu ọbẹ̀ gbígbóná, orí ò fọ́ ọ mọ́, ó ń bi wá pé kí ló dé tójú wa rí báyẹn. A ti ń dáwó láti padà lọ. Òun ló kọ́kọ́ mú tiẹ̀ wá.

Èmi ni òǹkàwé yín, láti Ìbàdàn.