Inú ilé la ti ti ilẹ̀kùn náà

Challenge, Ìbàdàn.

Àdùnní mi ọ̀wọ́n,

O kú ewu ọmọ o. Ewu iná kì í pa àwòdì. Ọlọ́run á wo àlejò tuntun náà dàgbà.

Ohun tó ń dùn mí títí di òní ni pé inú fóònù tẹ́ẹ́rẹ́ ni Màmá ti wo ìkómọ. Wọ́n wọ aṣọ òkè wọn wá láti Mọ́níyà, wọ́n jókòó síwájú laptop mi láago méje àárọ̀, ìkànnì tí a fẹ́ fi wò ó kò ṣí. Wọ́n ń sọ pé kò burú, ṣùgbọ́n mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé fóònù náà súnmọ́ ojú, tí wọ́n tún ń gbé e jìnnà, tí wọ́n ń wá ojú ọmọ.

O ní router tuntun tí mo rà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi nínú ilé, ni kò dáa. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, torí ọjọ́ tí mo gbé e délé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ Wi-Fi kan náà ni fóònù ń lò, nǹkan kan ò ṣe é. Lálẹ́, mo ṣí Command Prompt, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, mo ping 192.168.1.1 tó jẹ́ àdírẹ́sì router, bí ìgbà tí a bá kan ilẹ̀kùn láti mọ̀ bóyá ẹnì kan wà nílé, router dáhùn. Mo ping google.com, òun náà dáhùn kíá. Síbẹ̀, kò sí ìkànnì kan tó ṣí. Ibẹ̀ lara ti fu mí: ọ̀nà là, nǹkan kan ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Mo wọ inú firewall Windows, ẹ̀ṣọ́ tó ń pinnu ohun tó lè wọlé tàbí jáde, níbi tí wọ́n kọ Outbound Rules sí, ìyẹn òfin ohun tó ń jáde. Mo bá òfin kan níbẹ̀ tó ní àmì pupa lára: kí ohunkóhun má gba port 80 àti 443 jáde. Port dà bí ẹnu ọ̀nà tó ní nọ́ńbà. Port 443 yẹn ni gbogbo ìkànnì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https ń gbà, 80 ni ti http. Bí a bá ti méjèèjì pa, kí ló kù? Ping kì í lo port rárá, ìyẹn ló jẹ́ kó máa lọ, kó máa bọ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ṣe é, lọ́jọ́ tó fi hotspot fóònù rẹ̀ kó fọ́tò sínú laptop mi, kí Windows má baà jẹ dátà rẹ̀ tán. Kò ní èrò ibi, ó gbàgbé láti tú u ni. Private ni Windows ń pe Wi-Fi tí a fọkàn tán, bíi ti ilé, Public ni ti àjèjì. Public nìkan ló de òfin náà mọ́. Router àtijọ́ wà ní Private, kò kàn án. Nígbà tí mo so tuntun, Windows ò mọ̀ ọ́n rí, ó kà á sí Public bó ṣe máa ń ka Wi-Fi àjèjì, òfin bá mú wa. Mo sì ti ń múra àtilọ bá ẹni tó ta router fún mi!

Mo dá òfin náà dúró, mo yí Wi-Fi ilé sí Private, gbogbo rẹ̀ ṣí. Mi ò pa firewall fúnra rẹ̀ o, bí ẹnì kan ládùúgbò ṣe gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé a máa tìtorí kọ́kọ́rọ́ tó há yọ ilẹ̀kùn dànù ni?

Jọ̀wọ́, lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiwa níbí, gbé ọmọ wá síwájú kámẹ́rà. Láti Jímọ̀ ni Màmá máa ti sùn lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní kí o má dé e ní fìlà o, àwọn fẹ́ rí iwájú orí rẹ̀ dáadáa, torí ó jọ pé ti bàbá àwọn ló gbé wá.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́