Owó Ilé-Ìwé Ọdún Tó Ń Bọ̀, Ìsinsìnyí Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. "Màá tọ́jú owó ilé-ìwé" kì í ṣe ètò, ẹ̀yin òbí oníṣòwò. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Bí owó ilé-ìwé bá jẹ́ ₦80,000, aṣọ àti bàtà ₦12,000, ìwé ₦17,000, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, torí ọjà ń gbówó lórí. Ó di nǹkan bí ₦120,000. Àjọ ẹlẹ́ni méjìlá, ₦10,000 lóṣù, ló bá a mu. Oṣù kẹjọ ọdún (Ògọ́sì), kí ilé-ìwé tó wọlé, ni kí ẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí àjọ kàn yín. Owó tó bá tètè dé, ọjà ló ń bá lọ.

Ojoojúmọ́ gan-an ni ètò ti ń dàrú. Bí ẹ bá pín ₦10,000 àjọ yẹn sí ọjọ́ ọjà 25 lóṣù, ₦400 lójúmọ́ nìyẹn. Láàárọ̀ ni kí ẹ yọ ọ́, lára èrè àná, ẹ má fọwọ́ kan ojú owó. Inú ike onídèérí ni kó wà, kì í ṣe kóló tí a ń fọ́, torí ní ọjọ́ 15 ẹ gbọ́dọ̀ kà á. Bó bá jẹ́ ₦4,000 péré, tó sì ku ọjọ́ ọjà 12, ẹ sọ ọ́ di ₦500 lójúmọ́ láti ọjọ́ náà gan-an lọ.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn