Òótọ́ ni mo sọ, síbẹ̀ mo jẹ̀bi

Lọ́ńdọ̀nù,
Oṣù Kẹsàn-án.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ìbejì, mo kí bàbá wọn. Ṣé ara le? Orúnkún tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Èmi náà wà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òtútù ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀ níbí, mo ti gbé kóòtù jáde.

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ pé lẹ́tà ni mo kọ, nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Mo ti gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù nígbà mẹ́ta, ẹnu mi kọ̀ kò là. Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ kà á tán, torí ọ̀nà tí mo gbà dé ìdí ọ̀rọ̀ náà jìn díẹ̀.

O rántí màmá Júù tí mo sọ fún ọ pé mò ń tọ́jú, àwọn tó jẹ́ tíṣà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì? Wọ́n ti pé ẹni ọdún 84. Ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́rú, sínágọ́gù wọn máa ń ṣe kíláàsì fún àwọn àgbàlagbà, èmi ni mo sì máa ń ti àga onítáyà màmá lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí, tí mò ń tẹ fóònù mi. Kíláàsì náà kò jọ ilé ìwé tí èmi pẹ̀lú rẹ lọ, níbi tí tíṣà á ti máa pè é, tí àwa á máa kọ ọ́. Wọ́n á pín ìwé, ẹni méjì-méjì á fìdí kalẹ̀, ariwo á sì bẹ̀rẹ̀. Ìlà márùn-ún péré ni ẹni méjì á máa fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ fún odindi wákàtí kan, bí ẹni tó ń ná aṣọ lọ́jà. Chavruta ni wọ́n ń pe ẹni tí èèyàn ń bá kàwé bẹ́ẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ.

Ẹni tí màmá ti ń bá kàwé láti ọdún gbọọrọ kú. Lọ́jọ́ kan, gbogbo èèyàn ti rí ẹnìkejì, ó ku màmá nìkan. Wọ́n yíjú sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ìwọ, wá jókòó síbí." Mo ní èmi kì í ṣe Júù, n kò sì gbọ́ Hébérù. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hébérù nínú ìwé náà, àti pé ẹni tó máa bá àwọn jiyàn ni àwọn ń wá. Rábì wọn, obìnrin tí mo lè bí lọ́mọ, fún mi ní ìwé tèmi. Bí mo ṣe di ọmọ ilé ìwé ní ẹni ọdún 57 nìyẹn.

Ojú kọ́kọ́ ń tì mí. Màmá ló wá sọ ìtàn Rábì Akiba fún mi. Darandaran ni, ó pé ẹni ogójì ọdún, kò mọ ááfù kò mọ bíbá. Ó dé etí kànga kan, ó rí òkúta tó ti jẹ nínú, ó ní ta ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n ní omi tó ń kán sí i lójoojúmọ́ ni. Ó ní bí omi tó rọ̀ tó báyìí bá lè gbẹ́ òkúta, mélòó mélòó ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nínú ọkàn òun tí í ṣe ẹran ara. Òun àti ọmọ rẹ̀ bá lọ jókòó níwájú tíṣà àwọn ọmọdé. Akiba di etí kan síléètì mú, ọmọ rẹ̀ di etí kejì mú. Ó di àgbà olùkọ́ lẹ́yìn náà, ìtàn ibẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n síléètì yẹn ni kò kúrò lójú mi. Láti ọjọ́ náà ni ojú kò ti tì mí mọ́.

Ohun tí à ń kà jù lọ ni wọ́n ń pè ní Mussar, ẹ̀kọ́ àtúnṣe ìwà. Rábì kan ní Lituéníà, Israel Salanter, ló sọ ọ́ di ohun ńlá ní nǹkan bí ọgọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn. Ó wò ó pé èèyàn lè mọ òfin tinútẹ̀yìn, kó máa ṣọ́ oúnjẹ tó ń jẹ lójú méjèèjì, kó má sì ṣọ́ ìbínú rẹ̀ rárá. Ó ní ìwà ń fẹ́ iṣẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ kí ilé kan wà láàárín ìlú tí àwọn oníṣòwò lè yà sí nírọ̀lẹ́, kí wọ́n ka ìwé ìwà sókè, pẹ̀lú ohùn orin, títí á fi wọ̀ wọ́n lára. Ọdún 1883 ló kú. Wọ́n ní ó fẹ́ ṣan ọwọ́ kó tó jẹun gẹ́gẹ́ bí òfin wọn, omi pọ̀ nílẹ̀, ìba díẹ̀ ló sì bù. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní èjìká ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n fi ru omi yẹn wá láti ìta, òun kò ní fi èjìká ẹlòmíràn ṣe olùfọkànsìn. Ìyá Ìbejì, ìwọ nìkan ni mo rántí! Ìwọ àti èmi pẹ̀lú garawa lórí, ní ọ̀gẹ̀rẹ́ òkè yẹn, nígbà tí ẹ̀rọ bá gbẹ. Ta ló ro ti ọrùn wa nígbà náà?

Màmá wá ra ìwé kékeré kan fún mi, tí màá fi máa ṣọ́ ìwà mi lójoojúmọ́. Júù kan, Menachem Mendel Lefin, ló tẹ ìwé jáde lọ́dún 1808 lórí ọ̀nà náà, ó sì mú un lára Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà. Ìwà 13 ni: sùúrù, ètò, ìmọ́tótó, ìrẹ̀lẹ̀, òótọ́, ìdákẹ́jẹ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan ni èèyàn á máa ṣọ́ lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 13, yóò tún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láàárín ọdún. Lálaalẹ́ ni mò ń fi bírò sàmì sí ibi tí mo ti kùnà. Lọ́sẹ̀ ètò, àmì mẹ́rin péré ni mo ní, inú mi dùn. Nígbà tó kan ìdákẹ́jẹ́, ojú ìwé náà dúdú. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti lanu nípa ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni mò ń sàmì, mo sì rí i pé n kì í sọ ohun mìíràn. Nínú bọ́ọ̀sì, ní ìdí ìkòkò, lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo gbèjà ara mi lọ́dọ̀ màmá. Mo ní n kì í parọ́ mọ́ èèyàn, òótọ́ ni mò ń sọ. Wọn ò dá mi lóhùn, ìwé mìíràn ni wọ́n fà yọ, èyí tí Rábì Israel Meir Kagan tẹ̀ jáde lọ́dún 1873 lórí ọ̀rọ̀ ahọ́n. Inú Sáàmù tí àwa náà mọ̀ ló ti mú orúkọ rẹ̀, ibi tó ti béèrè ẹni tó ń fẹ́ ìyè, kó tó ní kó pa ahọ́n rẹ̀ mọ́ kúrò nínú ibi. Mo ka ibẹ̀, ara mi bù máṣọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tó lòdì sí òfin wọn, òótọ́ gan-an ni. Irọ́ ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òótọ́ tí èèyàn fi ba ẹlòmíràn jẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi nítorí pé ó jẹ́ òótọ́. Mo ti lo àwáwí yẹn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e ni a ka ìtàn rábì méjì, Yohanan àti Resh Lakish, nínú Támúdù, ìwé ńlá tí àríyànjiyàn àwọn rábì àtijọ́ wà. Ẹ̀gbẹ́ Òkun Gálílì ni wọ́n gbé, ní sẹ́ńtúrì kẹta. Olórí ọlọ́ṣà ni Resh Lakish tẹ́lẹ̀. Yohanan ló fà á wọ inú ìwé, ó fún un ní àbúrò rẹ̀ fẹ́, wọ́n sì di chavruta. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń jiyàn lórí idà, ọ̀bẹ àti ọ̀kọ̀: ìgbà wo ni irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ parí? Yohanan ní ìgbà tó bá jáde nínú iná ni. Resh Lakish ní ìgbà tí wọ́n bá rì í sómi ni. Yohanan bá ní, "Ọlọ́ṣà mọ iṣẹ́ ọlọ́ṣà." Gbólóhùn kan ṣoṣo. Òótọ́ sì ni, Resh Lakish mọ idà. Níwájú gbogbo ọmọ ilé ìwé ló ti hú ohun tí ọkùnrin náà ti sin síta. Ìjà wọn le, Resh Lakish dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìyàwó rẹ̀ wá sunkún sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀ pé kó dárí jì í nítorí àwọn ọmọ òun, Yohanan kò gbà. Resh Lakish kú.

Nígbà náà ni ọkàn Yohanan wá gbọgbẹ́. Wọ́n mú ọ̀mọ̀wé mìíràn wá bá a jókòó. Gbogbo ohun tí Yohanan bá sọ, ọ̀mọ̀wé náà á ní ẹ̀rí wà fún un. Yohanan ní ṣé ìwọ ni o máa dà bí ọmọ Lakish, ìyẹn Resh Lakish? Bí òun bá sọ ohun kan, ọmọ Lakish á fi ìbéèrè 24 ta kò ó, òun á fi ìdáhùn 24 dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ á sì yé ara rẹ̀. Ó fa aṣọ rẹ̀ ya, ó ń ké kiri pé, "Ọmọ Lakish, níbo lo wà?" títí orí rẹ̀ fi dàrú, tó sì kú.

Mo gbé ìwé sílẹ̀. Màmá bi mí pé ta ni mo rántí. Ìwọ ni.

Ó tó ọdún mẹ́rin báyìí, níbi ìsọmọlórúkọ kan níhìn-ín, wọ́n ń yìn ọ́. Wọ́n ní bí èèyàn bá ń wá alájọ tó ṣeé fọkàn tán ní Ìbàdàn, ìwọ ni. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo mọ̀ ọ́ jù lọ. Mo bá la ẹnu, mo sọ ti ọdún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún bàbá àwọn ìbejì, tí o fi owó àjọ san owó ọsibítù. Òru ni o sọ ọ́ fún mi, lórí ẹní, pẹ̀lú omi lójú rẹ. N kò sọ pé o ta ẹ̀gbà ọrùn rẹ àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ, àti pé kò sí ẹni tó béèrè owó rẹ̀ ní òpin oṣù tí kò rí i gbà. Mo sọ ìdajì, mo gbé ìdajì mì. Ọ̀rọ̀ náà wọkọ̀ òfúrufú dé ọjà. Mo gbọ́ pé àwọn kan yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé àjọ rẹ, mo sì ṣe bí ẹni pé n kò mọ ohun tó fà á.

Èmi àti màmá fi ọ̀sẹ̀ méjì jiyàn bóyá kí n sọ fún ọ. Rábì Kagan kọ ọ́ pé ẹni tó sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn gbọ́dọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́, ì báà jẹ́ pé onítọ̀hún kò tíì gbọ́. Wọ́n ní Salanter kò fara mọ́ ọn: bí kò bá mọ̀, kí ló dé tí wàá fi ìbànújẹ́ tuntun kàn án láyà kí ara ìwọ lè fúyẹ́? Ti Salanter ni màmá ń sọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, torí yóò jẹ́ kí n dákẹ́. Àfi bí wọ́n ṣe wò mí lójú pé, "Ṣé ó mọ̀ àbí kò mọ̀?"

Ìyá Ìbejì, láti ọdún mẹ́rin ni o ti ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Àwa tí a jọ sùn lórí ẹní kan, tí a jọ jẹ nínú àwo kan, o ń kí mi pé "ẹ kú iṣẹ́", o ń bi mí pé "ṣé ẹ wà dáadáa", bí ẹni tó ń kí ìyá ọkọ. O mọ̀. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ gan-an ni o ti mọ̀, o kò sì sọ ọ̀rọ̀ mi fún ẹnì kankan.

Inú oṣù Elul ni àwọn Júù wà báyìí, wọ́n ń fun ìwo ní sínágọ́gù láàárọ̀, wọ́n ń pe ara wọn láti tọrọ àforíjì kí Ọjọ́ Ètùtù tó dé. Ó wà nínú Míṣínà, àkójọ òfin wọn àtijọ́, pé Ọjọ́ Ètùtù kò lè wẹ ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín èèyàn àti ẹnìkejì rẹ̀, àfi bó bá kọ́kọ́ lọ tu onítọ̀hún lójú. Ìsìn tiwọn ni, èmi kò fi ṣọ́ọ̀ṣì mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí mo lè gbà yẹ èyí sílẹ̀.

Nítorí náà mo kúnlẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo tú àṣírí rẹ, mo sì fi ibi tí ògo rẹ wà pa mọ́. Mo ti lọ bá àwọn obìnrin tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan nílé rẹ̀, mo sọ ìdajì tó kù fún wọn. Méjì nínú wọn ti ránṣẹ́ sí ìbátan wọn lọ́jà. N kò mọ èyí tí yóò padà sínú ìwé àjọ rẹ. Owó tí ìyẹn mú kí o pàdánù, jọ̀wọ́ ṣírò rẹ̀, kí o má ṣe fi ojú àánú ṣírò rẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, màá pè ọ́. Maimonides, ọ̀mọ̀wé wọn tó kú ní Íjíbítì lọ́dún 1204, ní bí ẹni tí a ṣẹ̀ kò bá gbà, kí èèyàn padà lọ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Bí o kò bá gbé e, màá pè lọ́sẹ̀ kejì, màá sì pè lọ́sẹ̀ kẹta. Bí o bá gbé e, n kò ní kí o dárí jì mí lójú ẹsẹ̀. Bá mi jà. Ìbéèrè 24 ni o, mo ti múra sílẹ̀. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má fi "ẹ" bá mi jà.

Èmi ni,
Àyìnkẹ́ rẹ.